Ta Ló Yọ Fítámì Kúrò Nínú Ẹ̀dọ̀ Tí Mo Rà?

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé yín mì. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi ojú mi tó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, ó ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Lánàá mo kí àpò àgbàdo pé ẹ kú àbọ̀, mo ṣe bí bàbá rẹ ló wọlé.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa níbí ní kí n máa jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù, pé fítámì tí ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, èyí tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ náà wà níbẹ̀, kíndìnrín sì ní díẹ̀ tirẹ̀. Ni mo bá ra ẹ̀dọ̀, mo là á sí wẹ́wẹ́ lọ́sàn-án gangan, mi ò rí fítámì kankan. Mo dá a padà fún alápatà, mo ní kó kó fítámì mi jáde. Ó búra pé bí màlúù ṣe gbé e wá sáyé ni òun ṣe tà á. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àṣé ẹ̀yin ni! Àbúrò bàbá rẹ ló sọ fún mi pé inú ìgò ni ẹ̀yin ará ìlú ńlá ti ń ra fítámì, tí ẹ ń gbé e mì ní hóró hóró. Ẹ ti ń yọ ọ́ kí ẹ̀dọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa! Jọ̀ọ́, bá mi bẹ àwọn tó ń tà á kí wọ́n dá tiwa padà, ti màlúù kan ṣoṣo tó mi.

Nọ́ọ̀sì ní ojú kì í rí fítámì, kí n ṣáà máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí n má jẹ ẹ́ jù. Ohun tí ojú ò rí ni yóò wá la ojú! Mo ń jẹ ẹ́ ná. Mo ń gbé òkúta lé ìdérí ìkòkò kí èyí tó kù níbẹ̀ má baà sá lọ.

Fi owó ẹ̀dọ̀ ránṣẹ́ o, kó pọ̀ díẹ̀, torí láti ọjọ́ tí òórùn rẹ̀ ti kan bàbá rẹ nímú ni òun náà ti ní ojú òun ń ṣe bàìbàì.

Wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ, o ò ní ṣìnà, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, ilẹ̀ ti ṣú kí o tó dé, o sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní o ti sanra, gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ọ, ọmọ mi. Ohùn rẹ ni mo fi mọ̀ ọ́, ó sì ń dùn mí di òní. Bí o bá tún ń bọ̀, jọ̀ọ́, wá lọ́sàn-án.

Èmi ìyá rẹ ni.