Ilé Pákó Tí Kò Ní Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi,

Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Orúnkún ṣì ń dùn mí, àmọ́ òrùlé ò jò mọ́. Télọ̀ ló ń bá mi kọ èyí.

Ọmọ rẹ ti parí kíláàsì kẹrin. Èmi ni mo bá a fi pákó kan ilé kékeré tó jọ ilé wa, àti bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, fún iṣẹ́ ìparí ọdún wọn. Lójú gbogbo òbí, tíṣà bi í pé, "Bẹ́ẹ̀dì tìẹ dà?"

"Dádì mi ń bọ̀ wá mú mi lọ. Wọ́n ní kí n má sọ fún Bàbá àgbà."

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ilẹ̀.

Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ọmọ rẹ yìí nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nílé. Ìwọ lo wá kọ́ ọ pé kó máa fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi!

Wá mú un, ọmọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n fẹnu ara rẹ sọ fún mi kó o tó wá. Mú oògùn orúnkún dání. Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀.

Bẹ́ẹ̀dì kékeré tí mo gbẹ́ fún un láti fi sínú ilé pákó náà ṣì wà lápò mi.

Bàbá rẹ.