E Lo O Daadaa

Parakou, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1978

Ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì ń tì mí.

Mẹ́tìrì tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé Yorùbá ní Titirou ló gbé ọkọ̀ 403 àtijọ́ bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi, kí n jó ibi tí ìpẹtà ti jẹ. Ọjọ́ Ajé ló lọ sí Ṣábẹ̀, ó sì fi ìwé pélébé sílẹ̀: "E lo o daadaa ki n to de."

Ta ló tún ń ṣe irú oore yìí? Mo lò ó. Mo fi kí àwọn àna mi. Mo fi gbé ìyàwó mi lọ ra iṣu ní ọjà Arzèkè.

Àárọ̀ yìí, lẹ́nu ọjà, ni Mẹ́tìrì yọ sí wa. Iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ojú ibi tí mo jó ṣì yọ kókó kókó lára ilẹ̀kùn.

"Kámáráàdì!" Tí inú rẹ̀ bá dùn, Bàbá Ìyábọ̀ ló ń pè mí. "Ẹ lọ̀ ọ́ ni mo kọ, kí ara rẹ̀ lè dán!"

"Ẹ lò ó ni mo kà, Mẹ́tìrì."

Mo fa ìwé náà yọ. Ó kà á. Ó tún kà á. Òun náà ló sọ ní kíláàsì pé ká má fi àmì ohùn da ara wa láàmú, pé ìjọba Rẹfolúsíọ̀n ò ní ẹfun tí a ó fi ṣòfò.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ẹ̀rọ mẹ́ẹ̀lì lọ irin náà títí ọwọ́ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ó ń wò mí, ó ń jẹ nínú iṣu wa tí ìyàwó mi sè.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gba ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló fi àmì sí. Ó kù díẹ̀ kó fi sórí 403.