Ta Ló Máa Sọ Pé Àwòrán Ti Parí?

Màmá mi,

Oníbàárà ni ẹnì kan ṣoṣo tó láṣẹ láti sọ pé iṣẹ́ ti parí. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwòrán yíyà, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní èyí.

Ọkùnrin kan ní kí n ya bàbá òun tó ti kú. Mo yà á, ó wù ú, ló bá pe àwọn àbúrò rẹ̀ wá wò ó. Ọ̀kan ní, "Imú Bàbá ò tóbi tó báyìí." Mo dín in kù. Èkejì ní, "Ta ló ń rẹ́rìn-ín yìí? Bàbá wa kì í rẹ́rìn-ín." Mo pa ẹnu Bàbá inú àwòrán dé. Ní báyìí, gbogbo wọn ní àwọn ò mọ bàbá inú àwòrán náà rí. Ó sú mi.

Ara mi le, iná yàrá ló jẹ́ kí n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ibi iṣẹ́ mi ò sì jìnnà. Bí mo bá nasẹ̀ lórí ẹní, mo ti kan ọ̀dà.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ kí n ya ọkọ òun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé nínú òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, ta ló máa sọ pé ó ti tó. Bó bá dárúkọ ẹni méjì, ẹ má gba fọ́tò ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.