Bọ́ọ̀lù Tó Fò Kọjá Lórí

Sátidé, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n tún nà wá. Àmì mẹ́tàdínlógójì sí mẹ́fà, nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré yìí. Nílé wa níbí, lójú gbogbo ará ìlú Tolliver. Ìkẹrin rèé láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì borí ẹnikẹ́ni.

Royce ọkọ mi wọlé, kò ṣí fìlà. Mo mọ fìlà yẹn. Bí a bá borí, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń jù ú sí mi. Bí wọ́n bá nà wá, ó máa dé e jẹun ni. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń ṣe kóòṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, mi ò nílò kó sọ nǹkan kan fún mi mọ́.

Wade ò wá sílé. Ọmọ mi kan ṣoṣo, ọdún tó máa gboyè jáde rèé, abẹ́ bàbá rẹ̀ ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ipò tẹ́nì kan kì í wò ló wà. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, tó ń fi í ránṣẹ́ sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí eré tó lè bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ rẹ̀. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ràn ibẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 30

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fèrèsé láàárọ̀, pátákó mẹ́ta ló dúró lórí koríko iwájú ilé: ILÉ TÍTÀ. Wọ́n lọ jí wọn níwájú ilé onílé, wọ́n wá rì wọ́n mọ́ tiwa. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún kóòṣì pé kó máa lọ nílùú yìí nìyẹn. Royce fà wọ́n tu, ó kó wọn sínú gáréèjì. Mo ní kó má sun wọ́n. Igi wọn dáa, màá fi gbé tòmátò mi dúró lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Díẹ̀ náà tó.

Sátidé, 5 Oṣù Kẹwàá

Ìkarùn-ún. Fìlà lórí, oúnjẹ lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 9

Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní tan rẹ́díò. Mo tàn án. Ọkùnrin kan pè wọlé, ó ní Royce Haverkamp ti darúgbó, àfi kí wọ́n bá a ra àga kó lọ máa wo màlúù. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Kí ló fẹ́ dárúkọ fún? Apòògùn wa ni. Mo mọ ikọ́ rẹ̀. Lọ́la ni mo máa lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Royce lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìkà ni mí nínú ìwé yìí nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ọjọ́ ẹ̀wà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ iwájú máa ń wá jẹun nílé mi — àwọn gìrìpá tó ń fi àyà dínà fún àwọn yòókù, Wade wà lára wọn. Ẹ̀wà ẹlẹ́ran aláta, pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn tí mo fi ṣúgà àti sínámọ́nì ká bí ẹní. Àwọn tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá máa ń fi oúnjẹ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi tọ́ ọ wò. Ezra, tí mò ń pè ní Àká nítorí ó tóbi tó ilé tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, jẹ ẹ́ títí mo fi fẹ́ gbé ìkòkò sá. "Mọ́mì Nadine, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ, ẹ̀mí mi wà nínú ẹ̀!"

Lyle náà wá. Lyle Pruitt, igbákejì Royce. Royce ló kọ́ ọ níṣẹ́, èmi ni mo bọ́ ọ nígbà tí kò tíì níyàwó, nítorí náà Ajẹ̀wà ni mò ń pè é níbí. Ajẹ̀wà ló fọ gbogbo àwo.

Royce pẹ́ kó tó dé. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ló pè é sí ọ́fíìsì. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ.

"Ọ̀rọ̀ koríko pápá ni."

Kò fẹnu kan oúnjẹ. Ó fara ti ẹnu ọ̀nà ìdáná, ó ń wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń jẹun. Fìlà wà lórí rẹ̀. A ò sì tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́sẹ̀ yìí.

Sátidé, 12

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́.

Òjò. Àwa la wà níwájú — àwa! — pẹ̀lú àmì mẹ́rin, eré sì ti ń parí lọ. Ohun tó kù ò ju pé kí Wade fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn, kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbá a jìnnà réré, kí gbogbo wa máa lọ sílé. Mo ti dìde. Mo ti ń so ìbòrí mi. Bọ́ọ̀lù náà yọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó fò kọjá lórí ẹni tó ń dúró dè é, ó ń ta pọ́nún-pọ́nún lọ sẹ́yìn, gbogbo pápá ń sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ tiwọn ló ṣubú lé e, níbi tó ti máa di àmì mẹ́fà fún wọn.

Wade kúnlẹ̀ síbi tó wà. Àká ló gbé e dìde bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́.

Royce ò lọ bá a. Ó bọ kóòṣì tiwọn lọ́wọ́, ó sì gba ọ̀nà abẹ́ àga ìwòran wọlé lọ.

Sọ́ńdè, 13

Wọ́n ti lé Royce. Lórí fóònù. A ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ajẹ̀wà ni kóòṣì báyìí, títí sáà á fi parí. Èmi ló pè, kò pe Royce. Ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Tí mi ò bá gbà á, àlejò ni wọ́n máa mú wá bá àwọn ọmọ yẹn." Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Wade wá lọ́sàn-án. Ó dúró sí ìdáná, kò jókòó.

"Mọ́mì, èmi ni mo lé Dádì."

Mo ní kó panu mọ́, ọ̀rọ̀ rírùn ni. Mo yíjú sí Royce, tó ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò fi ṣúgà sí. Mò ń retí kó sọ pé rárá.

"Bọ́ọ̀lù tutù," ló wí.

Ìyẹn nìkan. Bọ́ọ̀lù tutù.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo se ẹ̀wà, ìkòkò ńlá. Kò sẹ́ni tó wá. Ajẹ̀wà ti ní kí wọ́n máa jẹun Ọjọ́bọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ò fẹ́ fi àwọn ọmọ sáàárín ìjà. Ìjà wo?

Royce ní kí n má sunkún sínú ìkòkò, iyọ̀ ti tó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún wá bínú pé mo rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 19

Wọ́n lọ gbá a lókèèrè. Wọ́n pàdánù. Ní gbogbo àsìkò tí eré fi ń lọ, Royce ń gé koríko tí kò hù mọ́.

Mo ṣàkíyèsí pé "wọ́n" ni mò ń kọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, "a" ni.

Ọjọ́rú, 23

Wade fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnì kan ju ọsàn kọjá lórí rẹ̀, ó kígbe pé, "Ó ti lọ o! Ẹ bá bàbá ẹ̀ wáṣẹ́!" Gbogbo ilé oúnjẹ bú sẹ́rìn-ín. Àká da ọbẹ̀ lé ẹni náà lórí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu.

Mo bẹ Royce. Mo ní, bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀, ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ máa wọ̀ ọ́ létí.

"Ọkùnrin ni. Ó máa gbé e."

"Kí ló máa gbé?"

Ó lọ sí gáréèjì. Ibẹ̀ ló ń gbé báyìí, òun àti àwọn pátákó rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 31

Alẹ́ iwin ni lónìí: àwọn ọmọdé àdúgbò ń múra bí iwin, wọ́n ń tọrọ súwíìtì láti ojúlé dé ojúlé. Mo gbọ́ agogo, mo gbé abọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òkè ló dúró níbẹ̀! Gìrìpá mẹ́fà tó fi aṣọ ibùsùn borí, ihò méjì-méjì fún ojú. Aṣọ Àká ò dé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ fún wa ní súwíìtì, àbí ká fa wàhálà, Mọ́mì Nadine. Àmọ́ ṣé ẹ̀wà wà?"

Ajẹ̀wà ní kí àwọn ọmọ iwájú má wá. Kò sọ nǹkan kan nípa iwin. Ẹ̀wà wà. Mi ò tíì jáwọ́ nínú sísè é.

Iwin tó kẹ́yìn ò wọlé. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn gáréèjì, ó kàn án. Iná wà nínú ibẹ̀. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé ìdáná. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Nígbà tó yá, ó wá jẹun pẹ̀lú àwọn tó kù, kò bọ́ aṣọ náà kúrò lórí títí wọ́n fi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Sátidé ni eré ìkẹyìn nílé. Kó tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ tó ń gboyè jáde máa rìn wọ àárín pápá, ìyá lápá kan, bàbá lápá kejì, wọ́n á pe orúkọ wọn. Ní gbogbo ọdún tó lò, Royce ló máa ń dúró láàárín láti gbà wọ́n, ó sì máa ń sunkún, á ní atẹ́gùn ni. Ajẹ̀wà ni yóò dúró síbẹ̀ báyìí.

Ajẹ̀wà wá sílé wa lónìí. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, fìlà lọ́wọ́.

"Kóòṣì, ẹ wá bá ọmọ yín rìn. Mo bẹ̀ yín."

Royce ní, "Kí o wá bọ̀ mí lọ́wọ́ láàárín pápá mi, àbí?"

Lyle dé fìlà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó lọ, Royce ní òun ò ní gba ọ̀nà abẹ́ àga yẹn wọlé mọ́ títí ayé.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Màá wò ó." Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù rẹ̀, mo fi kọ́ ẹnu ọ̀nà gáréèjì.

Sátidé, 16

Èmi nìkan ni mo bá a rìn.

Wọ́n ní, "Wade Haverkamp, ọmọ Nadine àti Royce!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Mo fi apá kọ́ apá ọmọ mi kan. Apá kejì kàn fì sílẹ̀ ni, kò mọ ibi tó máa wà. Lyle dì mọ́ ọn. Mi ò bínú sí Lyle mọ́.

Eré ti ń lọ kí n tó rí Royce. Lókè pátápátá, láàárín àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù lọ́rùn.

Ó ti wá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn eré. Kò fẹ́ gba ọ̀nà abẹ́ àga, ó wá lọ gba ti gbogbo ayé. Pápá tó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Wade ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, kò mọ ibi tí òǹwòran ń gbà wọlé! Ẹ̀gbẹ́ àwọn àlejò ló kọ́kọ́ lọ tò sí. Wọ́n ní kó yí ká. Ó tún lọ tò. Ó tẹ́ apá sílẹ̀, wọ́n ń tú àpò rẹ̀ wò, nígbà tó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún.

A pàdánù. Odindi sáà, a ò borí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí Wade fi ránṣẹ́ ló dé ibi tó yẹ, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí èrò túká, Royce sọ̀ kalẹ̀ wá sórí pápá. Wade mú akoto rẹ̀ dání. Mo rò pé àforíjì pé ó pẹ́ ló fẹ́ tọrọ.

Ó ní, "Wade, wọ́n ti sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

"Èyí tó ṣáájú bọ́ọ̀lù yẹn. Ọ̀gá àgbà ní kí n gbá ti Sátidé, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ì báà borí, ẹ ì báà má borí, wọ́n ti lé mi tán."

Wade ń wò ó. "Látìgbà yẹn?"

"Ojú ń tì mí. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn ló lé mi, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ mọ́. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, mo wá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ọmọ mi ò bú u. Ó dé akoto rẹ̀ sórí, lórí pápá tó ti ṣófo, tí kò sẹ́ni tó máa kọ lù ú. Ó sì rìn lọ.

Bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Mi ò rò pé ilé mi ni màá ti rí i. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Royce fi ń gbọn tirẹ̀, ọmọ wa ń jó níwájú rẹ̀, èmi náà sì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Yàrá Wade ni mo sùn.

Sọ́ńdè, 24

Royce ti ríṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó máa bá wa ta ilé wá ri pátákó mọ́lẹ̀. Kò gbẹ́ ilẹ̀. Inú ihò tí àwọn oníyẹ̀yẹ́ ti gbẹ́ sílẹ̀ ló kì í bọ̀. Tòmátò ẹlòmíràn ni ilẹ̀ yìí máa hù.

Wade wá lọ́sàn-án. Látọjọ́ yẹn, a ò tíì rí i. Ó kí mi, kò kí bàbá rẹ̀. Ó yọ bọ́ọ̀lù kan látinú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lé e lórí koríko iwájú ilé, ó kẹ́yìn sí wa. Royce dìde nídìí àga, ó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́.

Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí rẹ̀. Ó lọ kọ lu pátákó.

Royce lọ mú un wá, òun àti orúnkún rẹ̀ tí kò dáa. Ó gbé e fún ọmọ náà, ó padà síbi tó wà. Ó tún fò kọjá. Ó tún lọ mú un wá. Ọmọ mi ò ṣèèṣì rárá, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, Royce sì mọ̀. Ìgbà kan ó bọ́ sí títì, ó bá a dé títì. Ó ń mí gùlegùle. Kò sọ pé ó tó. Apòògùn wa kọjá nínú ọkọ̀, ó dẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti wò, mo sì wò ó títí tó fi lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọ̀kan bọ́ sí Royce lọ́wọ́, tààrà, sí àárín àtẹ́lẹwọ́. Ó dì í mú mọ́ àyà. Wade ò bojú wẹ̀yìn, àmọ́ kò tíì dìde.

Mo wọlé lọ gbé ẹ̀wà kaná, mo sì tẹ́ àwo mẹ́ta.