Àwọn Méjì tí Gàmálíẹ́lì Dárúkọ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìbàfò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
14 Oṣù Kẹwàá, 2006.

Ròkíátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kú ààwẹ̀ o. Ṣé ikọ́ ìyá yín ti lọ? Ṣé àbúrò rẹ ń gbààwẹ̀ dópin, àbí ó ṣì ń jẹun ní kọ̀rọ̀? Àárò Ìsẹ́yìn ń sọ mí.

Láràárọ̀, ọ̀rá méjì ni mo fi ń we bàtà mi nítorí ẹrẹ̀ àdúgbò wa. Tí mo bá dé etí títì, màá tú ọ̀kan, màá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ títì kí n tó tú èkejì, màá wá ká wọn, ẹrẹ̀ sínú, kí ìwé mi má bàa bàjẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a ní, "Ará òkè, ṣé òtútù ń mú bàtà ẹ ni?" Jésùlayọ̀mi, tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi yá a ní ìwé tí mo kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní kí àwa ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀wé nípa ẹnì kan nínú Bíbélì. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù ni yóò ṣojú wa níbi ìdíje ní Owódé Ẹ̀gbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ti Gàmálíẹ́lì. Olùkọ́ òfin àwọn Júù ni. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ pa àwọn àpọ́sítélì, òun ló ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní bí iṣẹ́ wọn bá jẹ́ ti ènìyàn, yóò tú ká fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tó kú ni ọ̀wọ̀ òfin bá a lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Jésùlayọ̀mi ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ìwé mi ló kà, láti òkè délẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì yàn án. Mo kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún Alàgbà Bádéjọ, olùkọ́ wa. Wọ́n ní, "Ọmọlabí, o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Má fi ìlara bẹ̀rẹ̀." Lẹ́nu ọ̀nà, Jésùlayọ̀mi rọra sọ sí mi létí pé, "Ta ló máa gbà pé ìwọ lo kọ ọ́? Ìwọ tí o ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ."

Òótọ́ ni, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wò. Níbí, ẹni tí wọ́n bá yàn á dúró níwájú ìjọ lọ́sẹ̀ kejì, kí ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè. Bó bá kùnà, wọ́n á yan ẹlòmíì. Àná ló tún wá bá mi: "Ọmọlabí mi, kí lo rò pé wọ́n máa bi mí?" Mo ní ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ni. Látàná ló ti ń há Pọ́ọ̀lù sórí.

Gàmálíẹ́lì dárúkọ ọlọ̀tẹ̀ méjì fún ìgbìmọ̀ yẹn, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn tú ká. "Àwọn méjì" ni mo kọ sínú ìwé mi, mi ò kọ orúkọ wọn. Ohun tí kò sí níbẹ̀, Jésùlayọ̀mi ò mọ̀ ọ́n. Gàmálíẹ́lì ìbá ní kí n fi í sílẹ̀. Mo gbìyànjú, ọkàn mi kọ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá ìyá yín.

Lọ́la, orí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ ni màá jókòó sí. Tí Alàgbà bá béèrè ta ló ní ìbéèrè, màá kúnlẹ̀, màá sì bi Jésùlayọ̀mi ní orúkọ àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ìjọ á gbọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ọmọlabí