Ẹsẹ̀ Sájẹ́ǹtì Ti Wọ Ìwé

Ọmọ mi,

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹnu mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ mi kúrú bó ṣe ń gé ṣòkòtò àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí ò ń wò látàárọ̀ fọ́ ọ lójú, àga tí ò ń jókòó lé níbi iṣẹ́ ò ní wó mọ́ ọ nídìí. Télọ̀ ṣe àmín, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣe àmín.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ti tún ìwé ìfẹ̀yìntì ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe. Sájẹ́ǹtì ti borí. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá nǹkan jókòó lé, nítorí mo fẹ́ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ní òun ò mọ ìdí ọ̀rọ̀, pé ọwọ́ òun kì í yá bí òun ò bá mọ ohun tí òun ń kọ.

Télọ̀, gbọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn sójà ló dojú dé lórí òkè, tó já lé Sájẹ́ǹtì lórúnkún. Wọ́n fi irin sí i, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ohun tí wọ́n wá kọ sínú ìwé ni pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, pé òun fúnra rẹ̀ ló ní iṣẹ́ sójà sú òun. Irọ́ tó tóbi tó ilé. Ní báyìí, irin yẹn ti ń yọ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ló mọ̀ ọ́n ṣe, wọn kì í sì í gba ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé nǹkan kan ò ṣe é. Dókítà tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ti sọ fún wa pé bó bá tún pẹ́ sí i, gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ìwọ náà rí bí Sájẹ́ǹtì ṣe ń gé irun fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nígbà tí o wá kẹ́yìn. Orí àga lòun ń jókòó, oníbàárà á jókòó sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Tísà àgbà jókòó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò lè dìde mọ́, èmi àti ìyàwó rẹ̀ la fà á.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí o bá wa fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù pé àwọn ti rí i, kí a má fèsì. Inú bí mi. Ta ní ń kọ̀wé sí àgbàlagbà pé kó má fèsì? Mo ní kí Sájẹ́ǹtì pè wọ́n. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ kò gbọ́ràn. Mo kí i, kò jẹ́ mi lóhùn. Ó ní ká tẹ oókan, ká tẹ eéjì. Mo bi í pé ọmọ ta ni, ó tún ní ká tẹ oókan. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé etí ọmọ náà ti di. Ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn látàárọ̀ dalẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, kí ni kò ní di í létí? Mo ṣàdúrà fún un, mo sọ fóònù kalẹ̀. Bí o bá mọ ẹnì kan níbẹ̀, sọ fún wọn kí wọ́n gbé e kúrò nídìí fóònù, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tó yá, wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Mo bá Sájẹ́ǹtì lọ, kò bẹ̀ mí. Wọ́n kó wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, wọ́n já bébà kékeré kan fún un tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Mo dìde, mo lọ bá akọ̀wé ẹnu ọ̀nà, mo ní nọ́ńbà sójà ọmọ mi gùn jù báyìí lọ, àbí wọ́n ti já a sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni? Ó ní nọ́ńbà orí ìlà ni. Mo ní kó yáa rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀. Fọ́tò náà dúdú, kò sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀, àmọ́ irin yẹn hàn kedere, ó ti tẹ̀ bí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ òkúta. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹyọ kan kí n fi kọ́ pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wọ aṣọ sójà. Wọ́n ní ti ìjọba ni. Egungun tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ dàgbà!

Àwọn mẹ́ta ló jókòó nínú yàrá tí wọ́n pè wá sí. Dókítà obìnrin kan ni olórí wọn. Ọ̀gágun kan jókòó tì í, wọ́n fi nǹkan funfun líle kan yí i lọ́rùn ká, bó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ló máa yí. Ẹnì kẹta ni akọ̀wé. Ọ̀gágun yìí ní ta ló pe ìyá àgbà sọ́rọ̀ yìí. Mo ní èmi ni mo bí ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ dájọ́ rẹ̀, méjì tó pé ni mo bí, ẹ̀yin lẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi. Dókítà ní kí wọ́n gbé àga fún mi.

Ọ̀gágun wá ka ìwé àtijọ́ sí wa létí. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì tó fẹ̀yìn tì, dókítà ìgbà yẹn yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà bi í pé ṣé ara le, Sájẹ́ǹtì ní ara le, a dúpẹ́. Ó ní ilé ńkọ́, ó ní wọ́n wà dáadáa. Ó ní ẹsẹ̀ ńkọ́, ó ní ó wà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Mo wo Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀. Gbogbo èpè tí mo ti ń ṣẹ́ fún akọ̀wé tí mi ò rí rí láti gbogbo ọdún yìí wá, mo kó gbogbo rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé ṣé orí ẹ̀ pé ṣá. Ó ní òun rò pé wọ́n ń kí òun ni, àbí kí ọ̀gá kí òun kí òun wá máa ka àìsàn sí i létí?

Dókítà obìnrin náà rọra bi í pé, Sájẹ́ǹtì, báwo lara lónìí? O ò ní gbà mí gbọ́. Ó na ẹ̀yìn tọ́ọ́, òógùn ìrora ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ní ara le, a dúpẹ́ mà! Mo ní tó bá tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, màá gbá a lẹ́nu níwájú ìjọba.

Ọ̀gágun ní ẹ ò rí nǹkan, ẹnu ara rẹ̀ náà ló tún fi sọ ọ́, kò sí àtúnṣe kankan nínú ìwé. Dókítà yíjú sí i, ó ní ọ̀gá, ọrùn ńkọ́? Ọ̀gágun ní ó wà dáadáa, a dúpẹ́. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, dókítà tẹ̀ lé e. Ọ̀gágun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún dé orí, ó di ọrùn mú, ó ní ó ti yé òun, ó ti yé òun.

Dókítà wá dìde, ó ní Sájẹ́ǹtì, àṣẹ ni mo pa yìí o, ka gbogbo ibi tó ń dùn ọ́. Àṣẹ ni ọmọkùnrin yẹn nílò. Ó kí wọn ní kíkí sójà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní ẹ̀yìn lòun fi ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó ní orí òkúta lòun ń jókòó lé bí òun bá ń wẹ̀. Èmi tí a jọ ń gbé ilé kan náà, mi ò mọ̀. Mo kọjú sí fèrèsé títí ó fi parí.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ẹlẹ́rìí, ni wọ́n bá pe awakọ̀ tó wa ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ náà, èyí tí o bá wa wá rí níbi tó ti ń ṣọ́ géètì lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Wọn ò gbé fóònù sétí rárá, orí tábìlì ni wọ́n gbé e lé tó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé, mo ní kí wọ́n sún un kúrò létí tábìlì kó má baà jábọ́. Ó ní bíréèkì ló já. Ó ní Sájẹ́ǹtì ti bọ́ sílẹ̀, pé ó padà wá fa òun jáde ni ọkọ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lójú tí òun fi lè wò ó láti ọjọ́ náà. Ó wá ń sunkún. Sájẹ́ǹtì ò ti sọ èyí náà fún wa rí.

Wọ́n kọ ọ́ tuntun pé iṣẹ́ ìjọba ló pa á lára, òun ló sì gbé e fẹ̀yìn tì. Mo ní kí akọ̀wé kà á sókè. Mo ní kó tún un kà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbà á sílé ìwòsàn, wọn yóò yọ irin náà, wọn ò ní gé ẹsẹ̀. Dókítà ní yóò máa tiro díẹ̀ títí ayé, pé kò ní lè sáré mọ́. Mo ní ta ló fẹ́ lé? Àtìgbà tí a ti dé ni mo ti ń sùn bí ọmọ ọwọ́.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, èyí tó máa tó àlọ àti àbọ̀ fún èèyàn méjì. Fi owó ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò kún un, èyí tó lè gba báńdéèjì. Télọ̀ ní òun lè rán an, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi yá níbí yìí. Má fi sí báǹkì. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á níbẹ̀, ògiri ló ń ka owó, kò sì sí ojú tí mo lè wò tí n óo fi mọ̀ bóyá ó ń rẹ́ mi jẹ. Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò dúró tì ọ́ jíǹkí rẹ. Ohun tí o bá ru, wàá sọ̀ ọ́ láyọ̀. Àwọn ọmọ rẹ yóò ní ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi rìn wá kí ọ.

Má tíì sọ fún àwọn àna, má sì tíì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sójà. Awakọ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá a ní géètì, má pè é lórí fóònù. Sọ fún un pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé bíréèkì ló já, Sájẹ́ǹtì sì ń béèrè rẹ̀. Bó bá ń ṣe bí ẹni tí ojú ń tì, sọ pé èmi ni mo ní kó wá. Kó mú aṣọ ìbora dání, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sùn ti Sájẹ́ǹtì nílé ìwòsàn, èmi ò sì lè sùn lórí àga.

Èmi ìyá rẹ ni.