Aṣọ Temmi

Mappiasse àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Balikpapan. Orúnkún Màmá ti ń san. Jọ̀ọ́, tún fi òògùn ránṣẹ́.

Àmọ́ ṣé ojú ò tiẹ̀ tì ọ́ ni? O ní kí Temmi ọmọ ìyá wa wọ ṣòkòtò wá síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ, kí àwọn àna má bàa rí ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin, tí kì í ṣe obìnrin. Bissu ni Temmi, àlùfáà ìṣẹ̀ṣe wa! Ní Segeri níbí, ta ló ń tulẹ̀ bissu ò tíì súre? Ìrẹsì tó súre fún lo jẹ dàgbà.

Màmá ní, "Sọ fún un pé mi ò bí ọmọ àfipamọ́."

Ọlọ́run á fi ayọ̀ kún ilé ìyàwó tuntun. Ìrẹsì àsè tí o béèrè ti wà nílẹ̀. Temmi ló máa gbé e wá, nínú aṣọ tirẹ̀. Bí ẹ bá dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, ìrẹsì á bá a padà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dalle